Kí ohùn àwọn àgbà má ṣe rì sínú kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ni igbá tí aráyé ń gbé sábẹ́ ẹyin náà láyé òde òní kí ó má baà balẹ̀. Ṣùgbọ́n igbá tí ìdí rẹ̀ ti lu kò lè gba nǹkan kan dúró, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbé kiri láìfura.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni pé àwọn ọmọ yóò gbé bàbá tàbí ìyá àgbà kalẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Wọn yóò ní kí ó sọ ìtàn ìdílé, kí ó ki oríkì, kí ó sọ bí wọ́n ṣe tẹ àdúgbò náà dó. Bàbá yóò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, ohùn bàbá yóò máa dún bí ohùn ẹni tí wọ́n dé mọ́ inú ìkòkò. Àwọn kan yóò ní ohùn bàbá ni kò jáde mọ́ nítorí ọjọ́ orí. Àwọn mìíràn yóò ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, wọn yóò sì máa wá owó òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá kò jẹ̀bi, kọ̀ǹpútà náà kò sì bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá sínú àwo ní ìlú London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Wọn kò tíì máa lo máìkì oníná fún iṣẹ́ àwo nígbà náà. Ẹnu fèrè ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí, ohùn tí kò bá sì wọ inú fèrè náà dáadáa ti gbé nìyẹn. Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo tí ó gbé eré Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, di olóògbé ní ọdún 1978, síbẹ̀ àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà tún wá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ pé "ilé", "ulé" ni àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà ń pè é. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìró kékeré kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ohùn bá rẹlẹ̀ jù, tí ariwo sì bò ó, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ èwo ni bàbá wí. Èyí tí ó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ, ti Ìjẹ̀ṣà yóò sì parẹ́ níbẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí àìsàn wà. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà náà kọ orin kan tí wọ́n mọ̀ pé ó ń dún dáadáa. Bí orin náà bá rẹlẹ̀ bákan náà, sípíkà ni kí wọ́n yí sókè, máìkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí orin bá dún ketekete tí ọ̀rọ̀ bàbá kò dún, ọ̀nà tí ohùn gbà wọlé ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò aláwọ̀ píǹkì ni ti máìkì, aláwọ̀ ewé ni ti sípíkà, aláwọ̀ búlúù sì wà fún ohùn tí ó ń bọ̀ láti inú rédíò tàbí ẹ̀rọ mìíràn tí ó ti lágbára tẹ́lẹ̀. Iná tí máìkì ń mú wá kéré púpọ̀. Bí wọ́n bá kì í bọ ihò búlúù, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Fún àwọn tí ó ń lo Windows, àwòrán sípíkà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ lápá ọ̀tún. Kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún ara máósì tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n yan "Sounds", lẹ́yìn náà "Recording". Nínú Windows 11, "Sound settings" ni yóò kọ́kọ́ yọ, "More sound settings" sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo máìkì tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ni yóò tò síbẹ̀, nítorí pé nígbà mìíràn máìkì inú kámẹ́rà orí ẹ̀rọ ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí èyí tí ó wà níwájú bàbá kàn jókòó lásán. Kí wọ́n yan èyí tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n wọ "Properties", kí wọ́n sì wọ "Levels". Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ohùn máìkì sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, "Microphone Boost" tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí 10 ná, kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó fi sí 20, nítorí pé bí ó ṣe ń gbé ohùn sókè ni ó ń gbé ariwo pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń yá máìkì ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò wá ẹnu wáyà tí yóò wọ ihò kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì rò pé máìkì ńlá gbọ́dọ̀ mú ohùn ńlá wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ọ̀pọ̀ irú máìkì bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó fún kọ̀ǹpútà, ó ní láti kọ́kọ́ gba inú míksà kọjá. Láti inú míksà ni yóò ti wá wọ ihò búlúù.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé máìkì jìnnà sí ẹnu. Bí àyè tí ó wà láàárín ẹnu àti máìkì bá di ìlọ́po méjì, ohùn tí ó ń wọlé yóò dín sí ìdajì. Àgbàlagbà yóò fẹ̀yìn ti àga, kò sì bójú mu kí ọmọdé máa sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ pariwo." Bí bàbá bá ń pariwo, ìtàn á bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Máìkì ni kí wọ́n gbé lọ bá bàbá, kí ó wà ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí méjì sí ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n pa fáànù, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé.

Àwọn kan yóò ní kò sí wàhálà, àwọn yóò fi ẹ̀rọ gbé e sókè tí ó bá yá. Lóòótọ́ ni Audacity, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn bàbá ṣe ń lọ sókè ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà yóò máa lọ sókè. Bákan náà, ẹni tí ó bá ki ohùn wọlé ní àkìjù, tí àmì ìwọ̀n fi pọ́n títí dé òkè, ti fọ́ ohùn náà, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó dára.

Ojúṣe yìí kì í ṣe ti ìdílé nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn ìjọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ààfin ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń náwó lórí ìpàpánu àti aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba ohùn àgbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yan ẹnì kan tí yóò fi gbohùn sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn kò dára. Àwọn ibùdó àṣà tí ó wà ní Òṣogbo pẹ̀lú lè máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọjọ́ kan péré tó láti mọ̀ ọ́n.

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ó ta aṣọ láwìn, tí ó wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, tí kò dìde títí owó rẹ̀ fi pé. Irú rẹ̀ ni kí ẹni tí ó ń gba ohùn àgbà sílẹ̀ máa ṣe. Kí ó gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan, kí ó gbọ́ ọ, kí ó tún ohun tí kò dára ṣe, kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn gan-an. Nígbà tí bàbá bá sì parí, kí ó má ṣe dìde níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà pé. Bàbá ṣì lè tún un sọ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ti ọ̀la.