Ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Calavi: ẹ wá olùkọ́ kí ẹ tó ra bàálù

Látìgbà tí ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ nípa pápákọ̀ òfurufú tuntun ní Glo-Djigbé, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Abomey-Calavi: ìgbà wo ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wíwa bàálù yóò dé ọ̀dọ̀ wa? Àjọ ASECNA, tí Bẹ̀nẹ̀ wà lára rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ EAMAC ní Niamey láti 1963, ṣùgbọ́n àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ àti irú wọn ló ń kọ́. Nàìjíríà ní NCAT ní Zaria láti 1964, ìjọba Kwara náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde, owó bàálù ni gbogbo ènìyàn máa ń pariwo. Ní tiwa, olùkọ́ ni ìṣòro tó le jù.

Ìwé àṣẹ láti fi wíwa bàálù jẹun máa ń gba nǹkan bíi 200 wákàtí lójú òfurufú. Ti ọ̀gá awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá, 1,500 ni. Báwo ni ẹni tó ní 200 yóò ṣe dé 1,500? Ọ̀pọ̀ wọn á gba ìwé àṣẹ olùkọ́, wọ́n á máa fi kíkọ́ ẹlòmíràn kó wákàtí tiwọn jọ. Bí iléeṣẹ́ ńlá bá ti pè wọ́n, wọ́n á lọ. A ò bá wọn wí. Ta ni kì í wá ibi tó sàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń jìyà. Olùkọ́ tuntun ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì ń sanwó wákàtí yẹn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké káàkiri àgbáyé, wákàtí tí olùkọ́ bá fò nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ẹ wá wo òjò Calavi láti oṣù kẹrin dé oṣù keje! Kí ni olùkọ́ yóò mú lọ sílé? Ká má tíì sọ ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní láti tú bàálù wò lẹ́yìn 100 wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Kútọnu kò tíì gbàgbé ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2003, nígbà tí Boeing 727 tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kò lè gbéra dáadáa, tó já sí etíkun, tí èrò tó lé ní 130 sì kú. Ìṣirò ẹrù wà lára ohun tí olùkọ́ bàálù ń kọ́ni. Ṣé ẹni tó ń kánjú kó wákàtí jọ la fẹ́ kó kọ́ ọmọ wa nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Òfin àgbáyé kò gbà kí awakọ̀ tó bá ti pé ọdún 65 máa wa bàálù tó ń kó èrò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá dá, ó lè kọ́ni, kò sì ní wákàtí kankan tó ń lé mọ́. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n fún wọn ní owó oṣù, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Yunifásítì Abomey-Calavi náà wà nílé. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kọ́ wọn ní ìṣirò, ìmọ̀ ojú ọjọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì, torí Faransé nìkan kò tó ẹni tó fẹ́ wa bàálù lọ sí Èkó.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, kó kọ́kọ́ fi hàn wá iye olùkọ́ tó ti bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, àti ọdún mélòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó mú wa lọ wo bàálù.