Èdè Wa Kì í Ṣe Àlejò Nínú Ìwé Ìròyìn

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé kí a kọ Faransé tán, kí a tó wá ibi tí Yorùbá yóò jókòó sí. A kò gbà. Ní 1859, ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá. Ọdún 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Yorùbá ni onílé. Gẹ̀ẹ́sì ni àlejò.

Wọn yóò ní ìwé náà kò pẹ́. Òótọ́ ni. Ní 1867, nígbà tí aáwọ̀ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó le, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ìjọ jáde, wọ́n sì ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè ló pa á. Ọwọ́ òyìnbó ni ẹ̀rọ àti ilé wà. Bí òyìnbó ti lọ ni ìwé lọ. Èdè kò lọ: ní 1888, Ìwé Ìròhìn Èkó jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá ronú, kí a fi kọ̀wé, kí Faransé tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti onílé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó má bi wá ìdí tí àwọn ọmọ kò fi mọ ọ̀nà ilé.