Aṣọ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Aṣọ Ọjà: Lẹ́tà sí Àwọn Alákòóso Ìlera ní Ìbàràpá

Ẹ̀yin alákòóso ètò ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìbàràpá, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni láti Ẹrúwà dé Ayétẹ̀, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo mọ̀ pé owó kò tó, oògùn kò tó, òṣìṣẹ́ pàápàá kò tó. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ aṣọ wá síwájú yín lásìkò yìí lè dà bí ẹni tí ilé ń jó tó ń lé eku kiri. Ẹ gbọ́ mi tán ná. Aṣọ tí àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí ń wọ̀ kiri ìgboro lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí ń ba nǹkan kan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kò sì sí ilé ìkó-oògùn-sí kankan n'Íbàdàn tí a ti lè lọ gba òmíràn.

Bí ènìyàn bá dúró sí ọjà Igbó-Ọrà tàbí gáréèjì Ẹrúwà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò rí aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní scrubs, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé, lórí ọ̀kadà, nídìí ìsọ̀ aláta, nílé olóúnjẹ. Ta ló wọ̀ ọ́? Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì fọwọ́ kan aláìsàn rí wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń bá wọn ta oògùn ní kẹ́míìsì wà níbẹ̀. Ẹni tó rà á nínú òkìrìkà nítorí pé ó fúyẹ́, tó sì ní àpò, náà wà níbẹ̀, orúkọ ilé ìwòsàn ìlú òyìnbó kan ṣì wà láyà rẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ju èyí lọ: bí aṣọ iṣẹ́ bá ti di aṣọ ìgboro, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìtọ́jú pàjáwìrì dúró lé ni ó ń ṣá, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ni ẹ sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀sì kékeré tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ wo bí pàjáwìrì ṣe ń rí níhìn-ín. Bí ọ̀kadà bá kọlu ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Lánlátẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní abúlé kan lẹ́yìn Tápà, kì í ṣe áńbúláǹsì ló sábà ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ará àdúgbò ló ń gbé e, lórí ọ̀kadà, láàrin ẹni méjì, tàbí nínú ọkọ̀ tó bá ṣe kòńgẹ́. Àwọn tó yí i ká ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ojú wọn sì ń lọ sára aṣọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Aṣọ ni ìwé ẹ̀rí. Bí ọmọ kẹ́míìsì bá ló wọ̀ ọ́, wọn yóò sún sẹ́yìn fún un, yóò sì fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ dìde jókòó, nítorí ojú ń tì í láti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Eegun ọrùn tó ti sán kò gbà kí a fà á bẹ́ẹ̀; ibẹ̀ ni ẹni tí ì bá tún rìn ti ń di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Bí nọ́ọ̀sì tòótọ́ bá sì ni, tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí kò ní ìbọ̀wọ́ tàbí báńdéèjì lọ́wọ́, tó wá kọjá lọ nítorí pé kò sí ohun tó lè ṣe, ìtàn tí ìlú yóò máa sọ ni pé nọ́ọ̀sì rí ẹni tó ń kú lọ, kò dúró. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún olùtọ́jú tàbí ilé ìwòsàn láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí rẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ará ọjà kò ka òfin náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn. Ìlérí ni aṣọ náà ń ṣe, ẹni tó wọ̀ ọ́ ì báà mọ̀ tàbí kó má mọ̀.

Àpẹẹrẹ ohun tí àṣìlò ń ṣe fún àmì ti wà lójú wa tipẹ́. Àgbélébùú pupa lórí ilẹ̀ funfun, àdéhùn Geneva ti ọdún 1864 ló sọ ọ́ di àmì ààbò fún àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ lójú ogun. Ohun tó fún un lágbára ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni òfin gbà láàyè láti lò ó. Nàìjíríà náà ní òfin tó dáàbò bò ó. Síbẹ̀, ẹ wo iye kẹ́míìsì àti ilé ìwòsàn aládàáni tó kùn ún sára ògiri wọn. Àmì tó yẹ kó dá ìbọn dúró ti di ohun tó ń sọ pé a ń ta Panadol níhìn-ín. Aṣọ scrubs kò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà.

Bóyá ẹ ó ní ìmọ̀lára lásán ni gbogbo èyí, pé aláìsàn kò bìkítà nípa aṣọ. Wọ́n bìkítà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 bi aláìsàn 4,062 ní ilé ìwòsàn ńlá 10 ní Amẹ́ríkà léèrè. Ó lé ní ìdajì wọn tó ní aṣọ tí dókítà wọ̀ jẹ́ nǹkan pàtàkì sí àwọn. Fún dókítà lásán, kóòtù funfun lórí aṣọ tó bójú mu ni wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí iṣẹ́ abẹ àti iyàrá pàjáwìrì, scrubs ni ọ̀pọ̀ yàn. Mo mọ̀ pé Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìbàràpá, àmọ́ n kò rí ìdí tí ará Ìdèrè yóò fi bìkítà nípa aṣọ jù wọ́n lọ tàbí kó dín. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé aṣọ tí ẹ̀ ń fi ṣòfò lójú ọjà yìí gan-an ni aláìsàn ń fi dá ẹni tí yóò gbà á là mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn ńkọ́? N kò fẹ́ gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Abakaliki, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 yẹ kóòtù funfun dókítà 103 wò, wọ́n sì bá kòkòrò lára 91 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ní Ísírẹ́lì ní 2011, wọ́n yẹ aṣọ dókítà àti nọ́ọ̀sì 135 wò. 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò tó lè fa àrùn. Kò sí èyí tó fi hàn nínú méjèèjì pé ẹnì kan kó àrùn lọ́jà lára aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó rí àpá ẹ̀jẹ̀ létí ṣòkòtò ẹnì kan nídìí ìsọ̀ ata, tó tún wá bá ẹni náà ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ kejì, kò nílò ẹ̀rọ ayẹ̀kòkòrò kó tó kóra sẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà sì pín sí: eruku pupa ojú ọ̀nà Ìbàràpá náà ń bá aṣọ yẹn wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀. Láti ìgbà Ẹbólà ní 2014 ni a ti mọ̀ ní Nàìjíríà pé bíbọ́ aṣọ jáde jẹ́ apá kan iṣẹ́ ìtọ́jú. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹ̀kọ́ náà ṣe tètè gbẹ lára wa.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín ní èsì, èsì wọn sì lágbára. Wọ́n ní kò sí ibi tí àwọn yóò ti pààrọ̀ aṣọ. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìlera kéékèèké ló jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n ń kó oògùn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, ibẹ̀ ni àga tí wọ́n ń sùn lé lóru wà. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, omi kò yọ nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ń bá wọn fọ aṣọ. Aṣọ kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn ní, owó ara rẹ̀ ló sì fi rán an. Ẹ wá ń retí kó bọ́ ọ síbo? Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí ẹ̀yin, tí n kò kọ ọ́ sí wọn. Aṣọ méjì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìkélé kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣó lára ògiri, ọṣẹ àti bààfù: èyí kò tó owó tí à ń ná lórí ayẹyẹ ìṣípàdé ẹyọ kan pẹ̀lú àsíá àti kánópì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde kí ẹ tó kan ìṣó.

Wọ́n tún ní aṣọ náà ń dáàbò bò wọ́n lọ́nà, pé ọlọ́pàá tètè ń jẹ́ kí wọ́n kọjá, pé ọlọ́kadà ń ṣàánú wọn lórí owó ọkọ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 2020 ni ìjínigbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù ba ojú ọ̀nà wa, ìlú Ìgàngàn sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí àwọn agbébọn kọlù ú ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tó ń wá owó ìràpadà kì í fojú àánú wo dókítà. Iye tó lè san ló ń ṣírò. Ní Mẹ́síkò, nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní 2020, wọ́n lu àwọn nọ́ọ̀sì, wọn kò jẹ́ kí àwọn mìíràn wọ bọ́ọ̀sì, kìkì nítorí aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wọn. Bí ó bá jẹ́ nítorí kí a lè dá wọn mọ̀ níbi ìjàǹbá ni, káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀wù aláwọ̀lékè tó ń tàn lóru, tí orúkọ àti ipò wọn wà lára rẹ̀, ló yẹ kí ẹ fún wọn. Ìyẹn ń bẹ nínú àpò, ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ni wọn yóò tó gbé e wọ̀.

Àtakò tó ṣòroó dá lóhùn jù lójú tèmi ni ti àwọn tó ń sọ pé kì í ṣe aṣọ ló kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ní Ìbàràpá rárá. Wọ́n á ní kí a wo Ìdèrè, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, tí wọ́n jẹ́ ọmọ àdúgbò lásán, ti bá àrùn sòbìà tó ń ti inú omi mímu wá jà. Aṣọ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni asẹ́ omi. Wọ́n á tún dárúkọ Dókítà Olúyọ̀ḿbọ̀ Awójobì, oníṣẹ́ abẹ tó wá sí Ẹrúwà ní 1983, tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, tó fi àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ ayẹ̀jẹ̀wò, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá títí ó fi kú ní 2015. Òtítọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wọn ró ni pé ìlú mọ̀ wọ́n. Olùyọ̀ǹda Ìdèrè jẹ́ ọmọ lágbájá, ilé rẹ̀ wà lójú títì. Orúkọ Awójobì ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí kò tíì dé. Ìjàǹbá ojú ọ̀nà kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè yẹn. Ẹni tó ṣubú jẹ́ àlejò, ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ jẹ́ àlejò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàrin wọn. Ibi tí a kò ti mọ ara wa ni aṣọ ti ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ ya ara mi kúrò lẹ́yìn àwọn kan níhìn-ín. Àwọn kan wà tí wọ́n máa fẹ́ lo irú lẹ́tà yìí láti máa ṣọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń múra lọ́jọ́ ìsinmi: ṣòkòtò rẹ̀, irun rẹ̀, bí yẹtí rẹ̀ ṣe tóbi tó. Kò kàn wọ́n. Ẹni tó wọ bùbá àti ìró lọ sí òde, tàbí jíìnsì lọ wo bọ́ọ̀lù, kò ṣojú fún ilé ìwòsàn kankan, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì rà fún ọ̀sẹ̀ àjọyọ̀ wọn náà kò ṣe ohunkóhun. Èyí tí mo lè bá wọn wí ni ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwàdà nípa ikú àti ẹ̀jẹ̀ sí, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ní Amẹ́ríkà. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ń tu oníṣẹ́ nínú, àárín ara wọn ni kó mọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú ọmọ rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kóòtù funfun dókítà tó ń wọlé sí báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀: láti 1963 ni ètò Ìbàràpá wọn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà, ojú wọn sì ni ọ̀dọ́ wa ń wò láti mọ bí oníṣègùn ṣe ń rìn. Bí a bá sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé pé kóòtù kò gbọdọ̀ kọjá géètì ilé ìwòsàn, ìlú yóò rí i láàrin oṣù kan. Kẹ́míìsì àti àwọn tó ń ta òkìrìkà ló máa gba àkókò; kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ta scrubs, n kò sì rò pé ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n bí aṣọ kan bá ní àwọ̀ àti àmì tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, tí kò sì sẹ́ni tó ń rí i lóde géètì rẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ kẹ́míìsì yóò kàn jẹ́ ẹni tó wọ aṣọ búlúù. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì pe àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru wá sọ ibi tí ìṣó náà yẹ kó wà.