Àká Kan fún Gbogbo Ilé: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Owó Àjọ̀dún Wa Lọ

Ìwé ìrántí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Kì í ṣe pé owó kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn òǹkọ̀wé ya ọ̀lẹ. Àwòrán ni a kò rí. Nígbà tí àwa ìgbìmọ̀ olóòtú ń wá àwòrán ọjọ́ tí a ya ilé àdúrà ilé-ẹ̀kọ́ wa sí mímọ́, wọ́n ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìgàndó. A wá bàbá náà dé ilé. Kọ̀ǹpútà ti kú, àwọn ọmọ-ọmọ ti ń fi í ṣeré. Orúkọ àwọn tó ṣe ìdánwò àṣejáde ní ọdún mẹ́ta gbáko ni a gbọ́ pé ó wà nínú fláàṣì kan tí ẹni tó ni ín ti gbé lọ sí Kánádà. A kàn sí i. Ó wá a títí, kò rí i.

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, inú tẹ́ńpìlì gan-an ni ìwé òfin sọnù sí, ibẹ̀ náà ni Hilkáyà àlùfáà sì ti rí i nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe. Tiwa kò tilẹ̀ sọnù sínú ilé. Òde ni ó gbà lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ owó àjọ̀dún. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn fara mọ́ ọn pé kí a fi owó náà ra kọ̀ǹpútà alágbèéká 20 fún àwọn olùkọ́. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 20 kún èyí tó wà nílẹ̀, ibi 20 mìíràn tí nǹkan lè sọnù sí ni a fi kún un. A ní kí a kọ́kọ́ kọ́ àká, kí a tó ra apẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń sọ kò ṣòro. Kí kọ̀ǹpútà kan jókòó sí ọ́fíìsì, kí ó máa tọ́jú fáìlì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì fi wáyà so àwọn yòókù mọ́ ọn. Olùkọ́ tó wà ní yàrá àwọn olùkọ́ yóò ṣí ojú ibi tó ti máa ń wo fáìlì tirẹ̀, yóò sì kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà sí òkè. Bí ó bá jẹ́ Windows ni ó ń lò, yóò fi àmì \\ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ Linux, yóò fi smb:// ṣáájú. A ó bi í ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fódà tó wà ní ọ́fíìsì yóò hàn níwájú rẹ̀ bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ó wà. Síso mọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mount. Windows a tilẹ̀ máa fún fódà náà ní lẹ́tà kan, bíi Z, kí ó lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí a bá ṣí nínú Linux a máa já nígbà tí olùlò bá jáde, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí.

Kọ̀ǹpútà olùtọ́jú náà kò ní láti jẹ́ tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1992, Andrew Tridgell, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní yunifásítì kan ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a wá mọ̀ sí Samba. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ni ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Linux tó ti gbó lè máa pín fáìlì fún àwọn Windows láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ fún àṣẹ ìlò. Owó wa yóò lọ sórí wáyà, sórí díìsìkì méjì tó dára, àti sórí bátìrì tí yóò gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó bá ń gbé láàárín Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún kò nílò àlàyé lórí bátìrì. Bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù, ìdajì fáìlì kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo òpin sáà ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ìṣirò á gbé máàkì wá lórí fláàṣì, ti Yorùbá á gbé tirẹ̀ wá, olùkọ́ kíláàsì á sì máa da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin òbí ti rí èso rẹ̀: káàdì ọmọ tí ó sọ pé ó gba òdo nínú iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù lọ. Ẹ̀dà méjì ìwé kan náà ni ó fà á, nítorí ẹnì kan ṣe àtúnṣe sí èyí tí ẹnì kejì kò rí. Bí ìwé máàkì bá jẹ́ ẹyọ kan nínú àká, nígbà tí olùkọ́ kan bá ṣí i, ẹni tó bá tún fẹ́ ṣí i yóò sáábà rí ìkìlọ̀ pé ẹnì kan wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, kí ni Google Drive ń ṣe? A ń lò ó, a ó sì máa lò ó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan bà jẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Báǹkì pàápàá ní ìṣòro ní Nàìjíríà níhìn-ín. Wáyà tó ti ọ́fíìsì lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ kò kọjá lábẹ́ òkun kankan. Fídíò àjọ̀dún tó wúwo tó 4 GB, tí yóò jẹ dátà ẹni títí ilẹ̀ á fi ṣú, lè gba orí wáyà tó dára kọjá láàárín ìṣẹ́jú méjì.

A kò ní tan yín jẹ pé kò léwu. Ohun tí ó mú kí àká rọrùn ni ó ń mú kí olè rọrùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry gba inú àléébù kan nínú irú SMB àtijọ́ wọlé, ó sì ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Bìrìtìkó wà lára àwọn tí ó ṣe lọ́ṣẹ́. Microsoft sì ti fi àtúnṣe rẹ̀ síta láti oṣù Kẹta ọdún náà! Nítorí náà, kí a pa irú àtijọ́ yẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà ṣùgbọ́n kí ó má lè pa nǹkan rẹ́, kí fódà akápò má sì hàn sí ẹni tí kò kàn.

Díìsìkì kejì ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ yọ kúrò nígbà tí owó bá kù díẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má yọ ọ́. Ohun tí ẹnì kan bá pa rẹ́ nínú àká ti pa rẹ́ fún gbogbo ilé nìyẹn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Àlùfáà náà kú ní ọdún 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, ọdún 1921 ni ó sì tó jáde. Bí kò bá sí nǹkan kan tó kù nílé, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ ni a ó ti pinnu. Gbogbo àwòrán tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ránṣẹ́ sí wa fún ìwé yìí wà nínú fódà kan báyìí, lórí kọ̀ǹpútà kan, nínú ọ́fíìsì kan. A kò tíì ní ẹ̀dà kejì.