Àlejò Méjì Wọ Ìbàdàn: Kí Ni Ó Yà Wọ́n Sọ́tọ̀?

Ẹni tí ó bá dúró ní Apẹtẹ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ìgboro bọ̀, yóò gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú, ti Ọ̀yọ́, ti Èkìtì, ti Ígbò àti ti Haúsá kí wákàtí kan tó pé. Ilẹ̀ oko ni ibẹ̀ kí ìlú tó kún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, àti àwọn tí ń wá ilé tí owó wọn ká, ni wọ́n sọ ọ́ di àdúgbò ńlá. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìbò tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́: "Ọmọ ìlú wo ni ọ́?"

Ìbéèrè náà kò burú. Ohun tí ó burú ni ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ti tọ́jú sínú kí wọ́n tó béèrè. Wọn a ní, "Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó ju ènìyàn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra Òkè-Àdó tán." Wọn a tún ní, "Haúsá kò fẹ́ ìwé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi há sí Sábó." A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kékeré nínú kíláàsì. Àwa kò gbà á. A fẹ́ gbé àwọn àlejò méjèèjì yìí sórí ìwọ̀n lónìí, kí a lè fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Òwò tí olúkúlùkù bá wá àti ẹnu-ọ̀nà tí ìlú ṣí fún un ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n jọ pàgọ́, àwọn Ẹ̀gbá kan sì wà pẹ̀lú wọn. Oríkì ìlú náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àlejò a máa rí ojúure níbẹ̀ ju onílé lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pe ọmọnìkejì rẹ̀ ní àtọ̀húnrìnwá ní Ìbàdàn, kí ó kọ́kọ́ ka ìran tirẹ̀ sẹ́yìn dáadáa.

Àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n kún ìlú yìí ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, òwò ni ó fà wọ́n wá. Títí di 1892, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà láti etí òkun sí òkè wà. Púpọ̀ nínú iyọ̀ àti ìbọn tí Ìbàdàn ń rà, ibodè wọn ni ó ń gbà kọjá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn, tí ibodè sì di ṣíṣí. Nígbà tí réluwéè sì dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà. Kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Òwò ti bá ibòmíràn lọ. Kí ni kí oníṣòwò ṣe? Ó di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Nǹkan méjì ni Ìjẹ̀bú gbé wọ ìlú: iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé. Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n fi ìtara gba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún kan náà, 1913, ni a dá Ìjẹ̀bú-Òde Grámà Sùkúù àti Ìbàdàn Grámà Sùkúù sílẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti lẹ́yìn náà ní Òkè-Àdó àti Òkè-Bọ́là, aránṣọ, alágbẹ̀dẹ wúrà, ọlọ́kọ̀, atẹ̀wé, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò di aládùúgbò ara wọn. Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, tí Ìbàdàn kà mọ́ Ìjẹ̀bú. Ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ ṣòwò, ó kàwé di agbẹjọ́rò, ó sì dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949.

Ṣùgbọ́n ọrọ̀ náà kò wá láìsí ìyà. Àlejò tí ó bá ra ilẹ̀, tí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó sì tún fẹ́ jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú, ó ti fọwọ́ kan ohun tí onílẹ̀ fẹ́ràn jù. Ìjà ilẹ̀ pẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ìdìbò dé ní àwọn ọdún 1950, ìjà náà di ẹrù òṣèlú. Ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ ti Adégòkè Adélabú rí agbára ńlá nínú ìbínú àwọn ọmọ onílẹ̀, ó sì gba ìgbìmọ̀ ìlú ní 1954. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958 tí Adélabú kú nínú jàǹbá ọkọ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìlara pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkè-Àdó, kí ó rántí pé àwọn onílé náà ti fi ìbẹ̀rù sùn rí.

Ẹ wá wo Sábó nísinsìnyí. Obì àti màlúù ni ó bí i. Igbó ilẹ̀ wa ni gbànja ti ń so, Àríwá ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Àríwá ni màlúù ti ń wá, àwa ni a ń jẹ ẹran rẹ̀. Nígbà ayé Baálẹ̀ Ṣítù, ní 1916, ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lábẹ́ Séríkí tiwọn. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ tí Ìjẹ̀bú fi owó àti ìjà rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Haúsá gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni wọ́n ti gbà á.

Abner Cohen, ọ̀mọ̀wé kan tí ó ṣe ìwádìí ní Sábó ní 1962 àti 1963, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, ṣàlàyé bí òwò náà ti ń rìn. Àwọn ará Sábó kò ju nǹkan bí 5,000 lọ nígbà náà, nínú ìlú tí ìkànìyàn 1963 pè ní 627,379. Bí oníṣòwò màlúù bá ti Àríwá dé, kì í wá báǹkì lọ. Ilé baálé kan tí wọ́n ń pè ní mai gida ni ó ń lọ. Baálé yìí yóò fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, yóò sì bá a wá olùrà. Àwìn ni alápatà ń rà, ó sì di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó san án. Ta ni onígbọ̀wọ́? Mai gida ni. Bí alápatà bá sá lọ, òun ni yóò san gbèsè náà. Kò sí agbẹjọ́rò, kò sí òǹtẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni owó ìdókòwò wọn.

Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní sọ mọ́ pé agídí ni ó mú Haúsá jókòó sí ojú kan. Òwò tí ó dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé ń fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe é máa sọ èdè kan, kí wọ́n máa kírun pọ̀, kí ojú sì máa to ara wọn lójoojúmọ́. Bí mai gida bá kó lọ sí Òkè-Àdó láti lọ máa ṣe bí akọ̀wé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa òwò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí àbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tán lọ tí òṣèlú ẹgbẹ́ sì ń dé, púpọ̀ jù nínú ará Sábó wọ ọ̀nà Tijániyà, tí ìjọsìn wọn sì yà kúrò lára ti Mùsùlùmí Ìbàdàn. Cohen rí i pé àdúrà ni wọ́n fi ṣe ọgbà tuntun yí òwò wọn ká.

Ta wá ni ó sàn jù nínú àwọn méjèèjì? Bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti agbẹjọ́rò ni a ń kà, Ìjẹ̀bú ni. Bí ó bá jẹ́ pé a ń béèrè ibi tí àlejò tí kò ní kọ́bọ̀ ti lè rí àwo oúnjẹ àti ẹní ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ìlú, Sábó ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó korò. Nínú Sábó, àwọn baálé díẹ̀ ni wọ́n ni ilé, nígbà tí alábàárù àti ọmọ kéú tí ń gbé igbá kiri pọ̀ lóde. Ọmọ aránṣọ Ìjẹ̀bú lè di dókítà. Ọmọ alábàárù, iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó sábà máa ń bá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ìwé ti pẹ́ nílé Ìjẹ̀bú. Lójú ọ̀pọ̀ òbí ní Sábó, ìdẹkùn fún ẹ̀sìn ni ilé-ìwé jẹ́. Ọgbà tí ó dáàbò bo òwò baba ni ó dínà mọ́ ọmọ.

Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni, kí ó bá wa dé Kánò. Ìjẹ̀bú kan náà tí ó tàn káàkiri Ìbàdàn, Sábóńgàrí ni ó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Yorùbá yòókù, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó kọ̀wé lórí àwọn Ìjẹ̀bú Ìbàdàn nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1967, Kánò ni a bí i sí ní 1931. Kí ó tún bá wa dé Gánà, níbi tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà ti tẹ́ ọjà wọn títí dé Tamale. Àwọn náà sún mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń dúró fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí ará Sábó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ìyá ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí wà nínú lọ́rì tí ó padà wálé. Ìran tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ìgbàgbé ń ṣe wá. Ní oṣù kejì 2021, ní ọjà Ṣáṣá nílùú Ìbàdàn yìí, aáwọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ di ìjà Yorùbá àti Haúsá. A pa ènìyàn, a sun ilé àti ọjà. Kí oṣù náà tó tán, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Àríwá dá ẹrù dúró, ọjà sì gbówó lórí ní ilẹ̀ wa. Òwò tí ó ń so wá pọ̀ láti ayé Baálẹ̀ Ṣítù ni ìbínú ọjọ́ kan fẹ́ já.

A kò ní ṣàì gbọ́ ẹjọ́ onílẹ̀. Ní Apẹtẹ àti ní gbogbo eteetí ìlú, àgbẹ̀ tí a ta oko baba rẹ̀ mọ́ ọn lójú, tí owó náà sì tán lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ìdí láti bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayálégbé ni ó ta ilẹ̀ náà. Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó gbọ́ èdè ìlú, kí ó pa òfin ìlú mọ́, kí ó má sì fi owó rẹ̀ ṣe onílẹ̀ yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin olóṣèlú, ọ̀rọ̀ wa sí yín kò pọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 42 àti 43, kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ìlú tí a ti bíni, ó sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ dẹ́kun à ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ ènìyàn ní àárọ̀ kí ẹ sì máa pè é ní àjòjì ní alẹ́. Kí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ má ṣe jẹ́ pàṣán tí a ó fi na ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ ní Apẹtẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ náà kù sí jù. Bí ọmọ Sábó bá wọ kíláàsì yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi èdè rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bá àwọn àlùfáà kéú wọn, kí ẹ bá wọn ṣètò wákàtí, kí ọmọ lè ka Kùránì ní àárọ̀ kí ó sì tún ka ìṣirò ní ọ̀sán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnu-ọ̀nà kejì ni kí ẹ ṣí fún ọmọ náà, láìbéèrè pé kí ó ti èkíní.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi yalé Ìbàdàn, ó sì gbé afárá Apẹtẹ lọ. Onílẹ̀ àti àlejò jọ dúró sí etí odò kan náà, wọ́n jọ ń wo òdìkejì. Omi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ọmọ ìlú wo ni. Afárá tuntun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò béèrè pẹ̀lú. Gbogbo ẹsẹ̀ ni ó ń gbé kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ìlú wa rí.