Kí Èrè Tó Dé

Méjì nínú ẹgbẹ́ wa kì í kí ara wọn mọ́. Ọ̀kan mú owó wá, èkejì fi òru rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èrè dé, ìjà dé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, òwò àdápọ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a dàgbà ní Òkè Ọya. Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn òbí wa ni a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní 2004, Eduardo Saverin fi owó ti Mark Zuckerberg lẹ́yìn láti dá Facebook sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n. Kò pẹ́ tí ìpín Saverin fi dín kù, ni ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù.

Òfin òwò àdápọ̀ ti 1890 tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí kò bá sí àdéhùn, ọgbọọgba ni a ó pín èrè àti àdánù. Ìyẹn nìkan kò tó. Èrò tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ fún ẹni tó kọ ètò, kí a dá owó olówó padà díẹ̀díẹ̀, kí a tó pín èyí tó kù.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o! Bí ọ̀rẹ́ bá ní, “Ṣé o kò gbà mí gbọ́ ni?”, ẹ dá a lóhùn pé nítorí kí ọ̀rẹ́ má baà bàjẹ́ ni.