Ẹni Tí Kì í Lọ Síbi Iṣẹ́ Ẹlòmíì, Ta Ni Yóò Wá Síbi Tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ò lẹ́nìkan nídìí iṣẹ́ àwọn la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n rò pé ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá lèèyàn ti ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́. Irọ́ ni o. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn òṣèré wa.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọn kì í fi owó nìkan ṣe fíìmù Yorùbá. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù bá ní kóun san iye tó tọ́ sí gbogbo ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tó wà nínú ẹ̀, owó á tán kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà sókè. Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Lágbájá á lọ sí lókéṣàn Tàmẹ̀dò, á ṣe ipa tiẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ tàbí owó ọkọ̀ lásán ni yóò gbà. Nígbà tó bá kan Lágbájá, Tàmẹ̀dò náà á gbéra, á wá. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn nìyẹn. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé.

Ṣé ẹ rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá? Nígbà tó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Òfò ńlá gbáà ni. Síbẹ̀, bàbá náà tún dìde, ó ṣe Mosebọ́látán. Ta ló bá a darí ẹ̀? Adéyẹmí Afọláyan ni, ẹni táa mọ̀ sí Ade Love. Ẹ má sì rò pé ọmọ iṣẹ́ ni Ade Love o. Òun náà ti ṣeré nínú Àjàní Ògún ní 1976, ó sì ti gbé Ìjà Òmìnira jáde ní 1979. Ọ̀gá ni, òǹwòran kan náà làwọn méjèèjì sì jọ ń wá. Ìyẹn ò ní kó má dá sí iṣẹ́ ẹnìkejì ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ká kàn yọjú, ká jẹ ìrẹsì, ká pín káàdì kiri. Ẹni tó tètè dé, tó bá wọn gbé iná, tí kò sá lọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bà jẹ́, òun ni wọ́n ń rántí. Ẹni tí kì í gbé fóònù tí kò bá ti kan tiẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tiẹ̀ á pé, á ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Ọ̀kan á ní ibà ń ṣe òun, òmíì á ti lọ Ìbàdàn. Kì í ṣe ibà o jàre, ohun tó ṣe fún wọn ni wọ́n rántí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eléré nìkan. Ìwọ télọ̀, bí aṣọ ẹbí bá pọ̀ jù fún télọ̀ ìsọ̀ kejì, tí ọjọ́ Sátidé sì ti dé tán, lọ bá a rán díẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tún ju agbára ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ta lo rò pé yóò darí oníbàárà sí?

Ẹ má sì sọ ara yín di ẹrú o. Ẹni tẹ́ ẹ ti lọ bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò yọjú síbi tiyín rí, ẹ ṣíwọ́. Ọ̀gá tó bá sì ń jẹ òógùn ọmọ iṣẹ́, tó ń pè é ní ìrànlọ́wọ́, ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó wá olùrànlọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé iṣẹ́ ta ló wúwo ládùúgbò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.